Ohùn Màámi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì ní Mushin, wọ́n ní kí àwa tíṣà lọ tún iṣẹ́ wa kọ́. Ilé la ti ń kọ́ apá kan, pẹ̀lú ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì. Fún apá kejì, a ń pàdé olùkọ́ wa ní Yaba lọ́jọ́ Sátidé.

Nínú kásẹ́ẹ̀tì, obìnrin òyìnbó kan á béèrè ọ̀rọ̀, á sì dákẹ́ kí n dáhùn. Mo yá rẹkọ́dà kejì kó lè gba ohùn àwa méjèèjì sílẹ̀ fún olùkọ́. Màámi, tó wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ń gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ṣe bí àdúrà ló ń gbà. Bí mo ṣe parí ni iná lọ, n kò sì rí i gbọ́ kí n tó mú un lọ.

Ní Yaba, olùkọ́ wa ki kásẹ́ẹ̀tì mi bọ rẹkọ́dà. Òyìnbó ní gúdù mọ́nìn. Kí n tó fèsì, Màámi ti ní, "A dúpẹ́ o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Òyìnbó tún béèrè nǹkan, mo ń ronú èsì. Màámi ní, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Á dá yín lóhùn. Ọmọ gidi ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ń lu tábìlì.

"Ta nìyẹn?" Olùkọ́ ń nu ojú.

"Ìyá mi ni, sà."

Mo rọra wí i ni. Ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Mo ń rò ó pé kí ló tiẹ̀ gbé obìnrin yìí wá sí Èkó.

Nígbà tí mo délé, ó gbé omi fún mi. "Ṣé wọ́n gbọ́ ọ dáadáa?"

"Wọ́n ní kí n tún un gbà. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó síta díẹ̀."

Kò béèrè ìdí. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde. Mo rí i lójú fèrèsé, ó fi gèlè bo ẹnu kí ikọ́ rẹ̀ má baà wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Ìtìjú yẹn ju ti Yaba lọ, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ti ń yí, òyìnbó ń retí èsì. Mo ń dáhùn.

Nígbà tó yá, Màámi rọra ní láti ìta, "Ṣé ó ti tán? Ṣé kí n wọlé?"

Mo ṣílẹ̀kùn fún un, n kò lè wojú rẹ̀. Olùkọ́ wa gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó ní kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀.