Omi Àmù Lórí Ọwọ́ Rábì

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ilé kejì, nínú ẹ̀sítéètì tí mò ń gbé ní Ìkòròdú. Ó ń wí pé, "Ẹ má bu omi sí i o, ara rẹ̀ á bó. Ẹ bá mi wá ẹyin." Omi gbígbóná ti dà sí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo jáde, mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí omi tútù máa ṣàn sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ìyá ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ṣe bí mo ṣe wí, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Agbo ilé wa kò jìnnà sí Ọjà Olúwo, ọjà ẹja. Èéfín ẹja wà lára aṣọ wa, lára ìwé wa, títí kan ẹní tí bàbá mi fi ń kírun. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń fi wá ṣẹ̀sín pé ológbò ló ń sìn wá wálé. Kò sí ìpalára tí agbo ilé náà kò ní nǹkan fún. Ẹni tó bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, epo pupa. Ẹni tí iná jó, ẹyin tàbí àdí. Ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, òkèlè ẹ̀bà ńlá kan. Bí eegun náà bá kọ̀, òkèlè mìíràn. Omi lásán nìkan ni a kì í kà sí oògùn.

Ìkòròdú ni bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó kejì. "Ìyàwó" ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá mi ni ìyáálé. Wọ́n ti kọ́ Ìyàwó ní ìtọ́jú pàjáwìrì nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó kọ́. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni ìdí tí kò fi tíì lóyún, àti ìdí tó fi fẹ́ràn ọmọ ọlọ́mọ tó bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, a ń retí kí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì. Omi tútù tí gbogbo ilé fẹ́ fi ṣínu wà nínú àmù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àbúrò mi obìnrin, Rábì, sáré kọjá, ó sì fa ìkòkò ẹ̀kọ mímu dà sí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá mi ń pariwo àdí. Ìyàwó ti gbé ọmọ náà jókòó ti àmù, ó ń bu omi sí ọwọ́ rẹ̀, igbá kan tẹ̀lé òmíràn. Ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé okùn tírà tí wọ́n ti so mọ́ ọrùn ọwọ́ Rábì láti kékeré.

Ìyá mi ní, "Ìyàwó, kí lo gé yẹn?"

"Ọwọ́ náà máa wú, Ìyáálé mi. Okùn yẹn á fún un."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó máa wú? O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?"

Ìyàwó tún ki igbá bọ inú àmù. Ó ń bu omi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin yọjú wo ìsàlẹ̀ àmù, ó ní, "Ó bọ́ ààbò ọmọ, ó tún fẹ́ fi òùngbẹ pa wá kún un." Nígbà tí wọ́n pe ìrun, èso dàbínù nìkan la fi ṣínu, a ń gbé e mì bí ẹní ń gbé òkúta mì. Ìyàwó fi aṣọ funfun tó mọ́ bo ọwọ́ náà láìfi ohunkóhun pa á, ó sì ní kí bàbá mi gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá mi ní bí ọwọ́ ọmọ òun bá rọ, kí Ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ náà ná." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ obìnrin kan. Bó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ̀rí ọkàn ló ń bá a jà.

Ọwọ́ náà jinná. Ó tẹ́jú, àwọn ìka ń ká, wọ́n ń nà. Lẹ́yìn tí awọ ti bò ó tán ni ìyá mi fi àdí pa á, ó sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé àdí òun ló wò ó sàn. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyáálé mi." Wọn kò lé e. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, bó bá gbé ọmọ ẹnikẹ́ni, ìyá ọmọ á ti na ọwọ́ láti gbà á.

Lóde òní, omi ń ṣàn nínú ilé, fóònù tí ẹ̀yin ọmọ mú lọ́wọ́ sì lè sọ ohun tí Ìyàwó mọ̀ fún yín. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣe ohun tí a kò rí rí sí ara ẹni tí a fẹ́ràn, ojú yẹn náà la fi ń wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, aya mi ṣubú ní pálọ̀, kò sì mí mọ́. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo pe àwọn tó máa gbé ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá, mo sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀, kíkankíkan, kíákíá, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi iṣẹ́. Ibi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láyà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé bá mi. Aya mi kò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ yìí jókòó tì mí, kò wò mí lójú.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Kí lẹ ń tẹ̀ láyà ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kó mí ni."

Ó ní ó dáa. Ó ṣì máa ń wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú. A máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà mìíràn a máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó máa ń ní òun ti yó.