Àgbá Òjé Tí A Gbé Lọ sí Mowé àti Ìfọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Bàbá Ràṣídì, awakọ̀ ilé iṣẹ́ wa, kúrò ní Iléṣà. Àgbá kan wà lẹ́yìn ọkọ̀, a fi tapólì bò ó. Òun ló gbé wa rìn.

Iṣẹ́ wa ni láti yẹ òkúta wò bóyá wúrà wà nínú rẹ̀. A ó lọ òkúta, a ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun òjé, a ó yọ́ ọ nínú iná; òjé á sì kó gbogbo wúrà mọ́ra. Lẹ́yìn náà a ó gbé e sínú kúpẹ́lì, ìyẹn ife kékeré funfun tí wọ́n fi eérú egungun ṣe. Ife á fa òjé mu, wúrà bíńtín á ṣẹ́kù. Wúrà ní oníwúrà. Ife tó ti mu òjé yó ni kò lólúwa, májèlé sì ni. Àwọn ló wà nínú àgbá yẹn; wọ́n ti kún ẹ̀yìnkùlé wa, òjò ń bọ̀, kànga àdúgbò kò sì jìnnà.

Ọ̀gá mi gbọ́ pé Alhájì kan ní Mowé ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò fún àwọn apẹja, tí wọ́n ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n. Ó ní kí n lọ wò ó bóyá ó lè gbà á.

Oòrùn ti yọ nígbà tí a dé Mowé. A kọ́kọ́ jẹun. Nílé wa mọ́ínmọ́ín la ń pọ́n séwé. Níbí ìrẹsì Ọ̀fàdà ni, ẹgbẹ̀rún méjì náírà pẹ̀lú ẹran, òórùn ewé sì ti wọ inú rẹ̀.

Alhájì jáde pàdé wa tẹ̀ríntẹ̀rín ní Lotto, àdúgbò rẹ̀ ní Mowé. "Ẹ gbé e wá! Ilé ẹ̀ rèé."

Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń dáná òjé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti di eérú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣàkírà, sá láfún sórí ẹní, ọmọbìnrin wọn sì ká jọ síbẹ̀, ó di inú mú.

"Kí ló ń ṣe é, mà?"

"Inú ló ń run ún. Á lọ, á tún padà. A ti lo oògùn aràn títí, àǹtí."

Mo wo eérú ilẹ̀, mo wo láfún. Mo ṣàlàyé ohun tí òjé ń ṣe nínú ara ọmọdé. Alhájì fajú ro. "Látìgbà tí mo ti ń ṣe é, ṣé mo kú?"

"Ẹ̀yin kọ́ ló ń ṣeré nílẹ̀ níbí, sà."

Ìyá Ṣàkírà dìde, ó da láfún náà sínú kòtò, ó gbé ọmọ pọ̀n. Bàbá Ràṣídì ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ dè é. A gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Ìbafò, mo sì sọ ohun tí mo rí fún un.

A kò sọ àgbá náà kalẹ̀. A wá gba Òjòdú, Agége àti Ọtà dé Ìfọ̀, ojú ọ̀nà lu bí ajere, ó ń gbọ̀n wá. Kọ́lá, ọmọ Òṣogbo tó ń ṣe bulọ́ọ̀kù níbẹ̀, ti po ife díẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, bóyá sìmẹ́ńtì á lè di òjé mú. Ó ti rẹ bulọ́ọ̀kù méjì sómi. Mo kán oògùn àyẹ̀wò tí mo mú dání sínú omi wọn. Bí òjé bá wà nínú omi, omi á ní àwọ̀ ìyeyè. Ti àkọ́kọ́ yí padà.

"Sìmẹ́ńtì ẹ̀ kéré," Kọ́lá ní. "Ẹ wo èkejì."

Èkejì mọ́ gaara. Mo kán an lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣì mọ́.

Nígbà tí a ń padà, a yà ní Ìbafò. Ọmọ náà ti sùn. Alhájì ti dé síbẹ̀, ó jókòó tì í, ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ. Mo sọ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Kọ́lá fún un.

"Àǹtí," ó rọra ní, "sìmẹ́ńtì yẹn, ṣé wọ́n lè fi ṣe ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò mi?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbé iná kúrò nílé ná, sà. Lẹ́yìn náà, màá mú Kọ́lá wá."

Ó mi orí pé òun gbà.

Ilẹ̀ ṣú kí a tó dé Iléṣà. Ọ̀gá mi rí àgbá lẹ́yìn ọkọ̀. "Ẹ ò rí ẹni tó máa gbà á?"

"Àwa náà la ni ín, sà," mo ní. "Kọ́lá ń bọ̀ wá pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó jìnnà sí kànga, tí a ó gbẹ́ kòtò tí a ó sin ín sí."