Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta Tí Fàtíyà Fi Bẹ̀rẹ̀

Kánò ni wọ́n bí Fàtíyà sí. Ní kékeré, bí bàbá rẹ̀, Àmúsà télọ̀, bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Háúsá ló fi ń dáhùn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló yàn láàyò. Kò sí èyí tó bàjẹ́ tí kì í tú wò.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Dókítà Olúdélé, tó ní ilé ìwòsàn kan ní Niger Street, Kánò níbẹ̀, ránṣẹ́ pè é. Fáìlì aláìsàn ti kún yàrá kan, ó ti ń ya bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ti ní kó ra ẹ̀rọ ńlá tó lè gba ogún ẹ̀ka, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ilé ìwòsàn kan ló ní.

"Dókítà, ẹ má rà á," Fàtíyà wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó tó yín lónìí, lọ́nà tí a ó fi lè fi òmíràn kún un lọ́la."

Kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ̀kan di sáfà tó ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀, ó fa wáyà lọ sára méjì yòókù, ó sì so wọ́n mọ́ sólà. Lójoojúmọ́, ó ń fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà pa mọ́ síbòmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, sáfà kú. Àṣàbí, àgbà nọ́ọ̀sì, kó fáìlì rẹ̀ jáde padà. Ojú ti Fàtíyà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà: ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Ooru oṣù kẹrin ni, abẹ́ páànù ló sì gbé e sí.

"Mà," ló sọ fún Àṣàbí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú yàrá oògùn yín. Ibẹ̀ nìkan ló tutù."

"Tó bá tún kú ńkọ́?"

"Ẹ̀dà wà nílẹ̀, Mà. Orúkọ kan ò ní sọnù."

Àṣàbí rò ó díẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó páálí oògùn kúrò lórí pẹpẹ. Ẹ̀rọ náà ò kú mọ́.

Nígbà tí Dókítà ṣí ẹ̀ka kejì ní àdúgbò Fagge lọ́dún yìí, kọ̀ǹpútà méjì péré ni Fàtíyà fi kún un, ó sì fi íńtánẹ́ẹ̀tì so wọ́n mọ́ sáfà Niger Street. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan tó ń gba ìtọ́jú ní Niger Street yà sí ti Fagge. Kó tó jókòó dáadáa, wọ́n ti mọ oògùn tí kò bá a lára mu.

"Ta ló sọ fún yín?" ìyá náà bi wọ́n, ẹ̀rín ń pa á.

Àṣàbí, tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, nawọ́ sí Fàtíyà tó ń so wáyà mọ́ ògiri. "Ọmọ Àmúsà télọ̀ ni, Mà."

Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ méjì àti ilé búrẹ́dì kan ti ní kó wá ṣe tiwọn. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni pé, "Kí lẹ ti ní nílẹ̀?"