Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Rọ́bà ní Ojú Fèrèsé Wa

Òórùn méjì ló máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa ní Ọgbà láyé ìgbà yẹn. Ọ̀kan ni ti rọ́bà gbígbóná tó ń jáde látinú ẹ̀rọ wa, tó máa ń há èèyàn lọ́fun bí èéfín àtùpà. Èkejì ni ti bisikíìtì tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ wa ń yan, tó dùn débi pé ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n kó o tó kó lọ sí Ìbàdàn. Láti ìgbà tí a ti sin Fúnmiláyọ̀ ìyàwó mi ni òórùn méjèèjì ti ń wá bá mi nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ kankan nítòsí mọ́. Mi ò lè jókòó. Màá dìde, màá jókòó, màá tún dìde, títí tíì yóò fi tutù lórí tábìlì. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ ni kò jẹ́ kó o lè wá síbi ìsìnkú, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí o ò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, n ó sì sọ ọ́ fún ẹ, bóyá ara mi á balẹ̀ díẹ̀.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni. A ti rò pé iná yóò wà dáadáa, àfi bí wọ́n ṣe ń mú un lọ ṣáá. Bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́, rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀ á dì, a ó fi irin họ ọ́ jáde, a ó wá jókòó sórí àpò, a ó máa retí. Ìretí yẹn le ju iṣẹ́ lọ. Ọwọ́ tí ẹ̀rọ ti mọ́ lára kì í mọ ibi tí yóò wà. Mùfútáù tó ń di ẹrù, ẹlẹ́nu gbogbo ilé-iṣẹ́, ló kọ́kọ́ fi abẹ gbẹ́ ìṣẹ́kù rọ́bà kan di èèyàn kékeré tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Kò ga ju àtàǹpàkò lọ, orí rẹ̀ tóbi, ó sì ní ìwo. A bi í pé kí lèyí. Ó ní iwin ni, pé àwọn iwin náà ní líìgì tiwọn nínú igbó. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo wa ti ń gbẹ́. Jákọ́bù tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà lódìkejì títì gbẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ẹranko, ó fi ìjàpá ṣe gólì, ó ní kò sẹ́ni tó lè gbé e ṣubú. Èmi gbẹ́ ẹgbẹ́ àwọn arúgbó, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Jákọ́bù á bu ọ̀dà tó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ garawa wá fún wa, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ kùn wọ́n.

Pátákó kan la kùn ní àwọ̀ ewé, a fi ẹfun fa ìlà sí i. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ni bọ́ọ̀lù. Èékánná la fi ń ta agbábọ́ọ̀lù kó lọ kan bọ́ọ̀lù, o sì lè ta á lu ti ẹlòmíì kó ṣubú. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń kán. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá ṣètò ìdíje gidi, òfin tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé ẹni tó bá ṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ ni yóò gbé e lọ sílé, tí yóò tò ó, tí yóò tún un kùn, kó tó dá a padà fẹ́ni tó ni ín. Mùfútáù ní òfin obìnrin nìyẹn. Mo ní kó lọ rojọ́ fún àwọn iwin rẹ̀. A fi ìdíje ọ̀dà kún un pẹ̀lú, pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lẹ́wà jù lọ ni yóò gba bàsíà ńlá kan.

Àṣé èmi ni mo ń fi òfin yẹn wá iṣẹ́ fún Fúnmiláyọ̀. O rántí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun òdòdó sára abọ́. Lẹ́yìn tó o lọ, wọ́n mú òdòdó alẹ̀mọ́ dé láti òkè òkun, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń fi ọwọ́ kùn máa lọ sílé. Ọmọ Èkìtì ni, kì í ráhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò lè dúró. Á di irun rẹ̀, á tún tú u. Á fọ ìkòkò tó mọ́. Ọjọ́ tí mo gbé iwin Mùfútáù kan tí mo ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wálé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi iná àbẹ́là mú ojú ibi tó kán rọ̀, ó so ó pọ̀, ó fi òwú pupa wé ẹsẹ̀ náà yíká kó lè dì mú. Lẹ́yìn náà ló kun ojú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ojú yẹn ń wo èèyàn. Nígbà tí wọ́n rí i níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún to ti ara rẹ̀ mọ́, gbogbo aláàbọ̀ ara ló ń bọ̀ wá bá a. Ojú fèrèsé wa ló ń tò wọ́n sí kí wọ́n lè gbẹ.

Yàrá kan la gbà ní Ìfákò, nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá. Ìyá Onílé, arúgbó tó fi ẹ̀kọ títà kọ́ ilé náà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí mo lọ tọrọ àgbàlá lọ́wọ́ wọn pé a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní tí a bá fọ́ gíláàsì fèrèsé àwọn ńkọ́. Mo ní bọ́ọ̀lù náà kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Wọ́n wò mí títí bíi pé mo ti mutí, wọ́n ní àwọn gbà. Nǹkan kan péré ló máa ń gún mi lára nínú ilé yẹn. Kò sí obìnrin tí wọ́n ń fi orúkọ ara rẹ̀ pè níbẹ̀. Ìyá Sikírù ni, Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì ni. Fúnmiláyọ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní Ìyàwó. Ọdún kẹjọ wa níbẹ̀ nìyẹn, àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ ìdíje yẹn gan-an ni ibà mú ọmọ-ọmọ Ìyá Onílé. Ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ. Ní ọ̀sán Sátidé, Ìyá Onílé gba ẹ̀yìn ilé láti lọ bu omi tútù tí wọ́n máa fi nù ún lára, wọ́n bá gbójú sókè wo fèrèsé wa. Àwọn èèyàn kéékèèké ni wọ́n rí lórí ìlà, tí wọ́n kun lójú, tí wọ́n fi òwú pupa dì lẹ́sẹ̀. Ìwọ gan-an, kí lo máa rò?

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ti kún. Ìkòkò wa àti àpótí aṣọ wa ti wà níta. Fúnmiláyọ̀ jókòó lórí àpótí náà, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àárín itan. Ìyá Onílé dúró ní ọ̀ọ́kán, wọn ò sún mọ́ ọn.

“Làsísì, bí ilẹ̀ bá mọ́, mi ò fẹ́ rí yín níbí. Ìyàwó rẹ ti di ọmọ mi lẹ́sẹ̀.”

Mo ń ṣàlàyé, mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín wọn bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ìyá Sikírù ní òun kúkú ti mọ̀ pé ẹni tí kò ní kì í fẹ́ kí ti ẹlòmíì dúró. Ìgbà yẹn ni Mùfútáù wọlé tòun ti àpò ọ̀rá. Mo ṣẹ́jú sí i kó padà, kò tilẹ̀ wò mí. Ó kí gbogbo ilé kú ọ̀sán, ó ní ṣé wọ́n ti gbọ́ pé lọ́la ni àwọn iwin òun máa jẹ gbogbo arúgbó tó bá wà nínú ilé yìí, ó bá da àwọn iwin sílẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sá wọlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé Mùfútáù, ó kúnlẹ̀, ó ní òun á fi hàn wọ́n pé eré ni, ó sì ta iwin kan. Iwin fò, ó bà lé Ìyá Sikírù lẹ́sẹ̀. Lónìí mo lè rẹ́rìn-ín sí bí obìnrin náà ṣe fò sókè. Lọ́jọ́ náà, mo ti ń wò ó pé níbo la máa sùn.

Ìyá Onílé gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn tó wà lójú fèrèsé wá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ kó wọn, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì.

“Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìkà kì í ní orúkọ tí wọ́n ń pè lójú oòrùn,” Ìyá Onílé wí. “Tó bá jẹ́ pé ohun ìṣeré ni wọ́n, kí ni wọ́n ń jẹ́?”

Mùfútáù la ẹnu, ṣùgbọ́n Fúnmiláyọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ láti ìgbà tí mo dé nìyẹn.

“Fọlárìn nìyí, mà. Ajíbádé nìyí. Ìbíwùmí nìyí.”

“Ìbíwùmí kẹ̀?” Mùfútáù bú sẹ́rìn-ín, torí tiẹ̀ nìyẹn. “Obìnrin tún wọ inú iwin mi?”

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Fúnmiláyọ̀ ń fi ìka kàn wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara wọn gbóná. Ó pe Mojísọ́lá, ó pe Ọmọ́tóyè. Ó dé orí èyí tó kéré jù, ohùn rẹ̀ sì lọlẹ̀.

“Dúrójayé.”

Ìwọ náà mọ irú ọmọ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Oyún kan wà tó bàjẹ́ ní ọdún kẹta wa, tí a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ pé ó ní orúkọ. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo èèyàn, láti orí mégádì dé orí ọmọ ìyá alákàrà, mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyẹn rí. Àárín èrò ni mo ti gbọ́ wọn, bíi tàwọn ayálégbé yòókù.

Ìyá Onílé wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n mú Dúrójayé, wọ́n fi ìka tọ ojú òwú ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Kò tíì gbẹ,” ni wọ́n wí. “Ẹ gbé wọn sí oòrùn kí ẹsẹ̀ wọn lè mú. Kí ẹ sì kó ẹrù Làsísì wọlé.”

Wọn ò tọrọ àforíjì, a ò sì retí rẹ̀. Èmi àti Mùfútáù la gbé ọmọ-ọmọ wọn dé ibi ọkọ̀ lọ́sàn-án yẹn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, ibà náà sì rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a gbá bọ́ọ̀lù wa. Àgbàlá kún, ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún ẹ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ, torí ara mi ò balẹ̀ rárá. Ìjàpá Jákọ́bù ló lé àwọn arúgbó mi jáde, Mùfútáù gba ife ẹ̀yẹ, ó sì ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá Onílé la ní kí wọ́n ṣèdájọ́ ọ̀dà, wọ́n sì gbé bàsíà fún àwọn ẹranko. Fúnmiláyọ̀ kò kúkú ní ẹgbẹ́ kankan. Ti ẹlòmíì ló ń tún ṣe.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi, pé àwọn tó ni wọ́n máa wá gbà wọ́n. Bí eré ṣe parí, wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, Fúnmiláyọ̀ sì ń kó wọn fún wọn. Bí ó bá ti gbé ọ̀kan lé ẹnì kan lọ́wọ́, á sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó sọ fún Mùfútáù pé, “Ìbíwùmí rèé. Má máa ta á lágbára jù.” Mùfútáù, ẹlẹ́nu gbogbo ilé-iṣẹ́, kàn ní òun ti gbọ́ mà, ó sì fi aṣọ ìnujú rẹ̀ wé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú fèrèsé wa ti ṣófo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Fúnmiláyọ̀ lọ fa omi ní kànga. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, torí mo ń ṣàníyàn nípa rẹ̀. Ìyá Onílé jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá wọn.

“Ìyá Fọlárìn, o ti jí?”

Okùn dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ jáde, mo rò pé ẹ̀sín ni wọ́n ń fi í ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ara ọmọ ńkọ́?”

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyàwó mọ́ nínú ilé yẹn. A ò bímọ. Nígbà tí a kó lọ sí Agége, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ìfákò mú orúkọ náà tẹ̀ lé e débẹ̀, àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ gbà á lẹ́nu wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ń rò pé yàrá ni Ìyá Onílé dá padà fún wa lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Yàrá kọ́. Orúkọ tí ó lè jẹ́ ni wọ́n fún un, nínú ilé tí orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń dá obìnrin mọ̀.

Níbi ìsìnkú, nígbà tí àdúrà parí, ọmọkùnrin tó gbẹ́ ilẹ̀ na ṣọ́bìrì, ó ní àkọ́bí màmá ni yóò kọ́kọ́ bu erùpẹ̀. Ẹnì kan láti àdúgbò ní òótọ́ ni, Fọlárìn dà? Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní kò lè tètè dé. Mo gba ṣọ́bìrì, mo bu tiẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá bu tèmi.