Apá Aṣọ Tí Gbogbo Ayé Ń Wọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ aṣọ í rán. Tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀nà ló máa ń kọjú sí ní ṣọ́ọ̀bù, á máa wo aṣọ ọrùn àwọn tó ń kọjá. Àfi ìgbà tó rí apá aṣọ kan tó wú bí ìrọ̀rí lórí fóònù, tó wò ó títí. Látìgbà náà, apá yẹn nìkan ni fóònù burúkú yìí ń gbé wá fún un. Oníbàárà tó bá ní òun ò fẹ́, á jágbe mọ́ ọn:

"Gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́!"

Àwọn oníbàárà sá lọ tán. Mo fún un ní fóònù tèmi. Bọ́ọ̀lù tí mo máa ń wò ló kún inú ẹ̀.

"Apá yẹn dà?"

"Àǹtí mi, kò sí níbí."

Ó yí àga ẹ̀ padà sójú ọ̀nà. Gbogbo ayé ń kọjá lọ, ẹnì kankan ò yà wọlé.