Ìbéèrè Ìyá Sìdíkàt

Ẹni tó bá sọ pé Ìyá Sìdíkàt ta ẹran òkúǹbete, èyí tó kú kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀, rí, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń lẹ táyà ní Ìyànà Ìbà láti ọdún 1984, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ rẹ̀ ni mo sì ń jẹ lọ́sàn-án.

Nígbà náà, oko ẹ̀gẹ́ ló kún ọ̀nà Ìbà sí Ìgàndò lọ́tùn-ún lósì. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọ̀yà àti ẹtu á máa sọdá, mọ́tò á sì máa gbá wọn. Àwọn awakọ̀ á gbé ẹran náà wá fún un. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì máa ń bi wọ́n: ṣé ẹ̀mí ṣì wà lára ẹran náà nígbà tí wọ́n dúńbú rẹ̀? Bí awakọ̀ bá ti ń ká ọ̀rọ̀ mẹ́nu, á ní kó máa gbé ẹran rẹ̀ lọ. Torí tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń tọ́jú ọ̀bẹ sábẹ́ ìjókòó.

Àmọ́ ẹnu ayé kò ṣeé dí. Nígbà tí Sìdíkàt, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ lọ sílé ọkọ, aláròkiri kan lọ sọ fún Alfa Ràsákì, bàbá ọkọ ìyàwó, pé ẹran tí mọ́tò pa ni ìyá ọmọ náà ń sè fún aráyé. Alfa ní òun ò ní í gba ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀, àfi tí òun bá kọ́kọ́ wá fojú ara òun rí i. Sìdíkàt sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ ká Alfa mọ́lé.

Lọ́jọ́ tí Alfa àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá, ata ti ń hó lórí iná. Bùràímọ̀, ọkọ ìyá náà, tó ń fi lọ́rì kó ẹ̀gẹ́, ló dé tòun ti ẹtu ńlá kan léjìká. Ó ti fi ọ̀bẹ gé e lọ́rùn. Ó ń rẹ́rìn-ín pé àlejò máa jẹun lónìí. Ẹ wo ọkùnrin!

Alfa ń wò, gbogbo wa ń wò. Sìdíkàt di ìró ìyá rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kó má bèèrè, lónìí nìkan. Ìyá náà kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Sìdíkàt, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ dúńbú rẹ̀?”

Bùràímọ̀ wo àlejò, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ojú tì í gan-an.

“Ó ti kú kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì.”

Obìnrin náà ní kó gbé e kúrò nídìí iná òun. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo ní ó ti tán fún Sìdíkàt nìyẹn. Ìyá náà da ẹja gbígbẹ sínú ọbẹ̀, ó bu oúnjẹ fún wọn, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilé, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ tó máa sin ẹtu sí.

Alfa jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó fọwọ́, ó wá pe Sìdíkàt sọ́dọ̀.

“Ọmọ mi, tó o bá délé wa, ohunkóhun tí ọkọ rẹ bá gbé wálé, bi í bí ìyá rẹ ṣe bèèrè yìí.”