Ọjọ́ Tí Gbogbo Ìlú Dákẹ́ fún Doro

Bí òṣùpá bá yọ sórí oko ìrèké nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ìtàn tó bá ní ẹni ibi nínú rọrùn láti gbọ́, nítorí a mọ ẹni tí a máa bínú sí. Ìtàn Eudoro ọmọ Ninfa kò ní ẹni ibi kankan. Apá ọ̀tún kan ló wà nínú rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rere.

Ẹ̀yìn ilé mi ni ilé wọn wà, ní Santa Rufina níbí. Baba rẹ̀ gé ìrèké títí tí èémí rẹ̀ fi tán. Ninfa ìyá rẹ̀ ló ń fọ aṣọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Akàn, ẹgbẹ́ ìlú wa. Láti kékeré ni Eudoro, Doro lẹ́nu wa, ti ń ju nǹkan. Ó ń ju ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń ju ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká ní kíká, kò jẹ́ kí ẹyẹ kan bà sórí igi máńgòrò mi.

“Doro! O máa fọ́ fèrèsé mi!”

“Màmá Chepa, èmi àti fèrèsé yín ò jà. Ẹyẹ ni mò ń bá wí.”

Òótọ́ ló sì sọ. Kò fọ́ fèrèsé kankan rí.

Ọmọkùnrin tó bá mọ bọ́ọ̀lù àfigigbá, tí òyìnbó ń pè ní baseball, í jù dáadáa nílùú wa, àwọn òyìnbó á wá mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n mú Doro náà lọ. Nígbà tó yá wọ́n dá a padà, wọ́n ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ dáa ṣùgbọ́n kò yára tó. Ó dé pẹ̀lú bàtà tuntun, àti èdè òyìnbó tí kò ju “ó dáa” lọ. Ẹgbẹ́ Akàn gbà á, wọ́n fi í sẹ́yìn gbogbo wọn. Ìgbà tí eré bá ti bàjẹ́ tán, tí àwọn ènìyàn ti ń lọ sílé, ni wọ́n máa ń ní kí Doro wá jù, bí ìgbà tí wọ́n pe ẹni tó máa kó abọ́ lẹ́yìn àsè. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Tó bá ti jù tán, á dúró nídìí àga tí mo ti ń dín nǹkan tà lẹ́nu géètì pápá, á jẹ yaniqueque gbígbóná kan, ìyẹ̀fun tí a fẹ̀ pẹlẹbẹ dín nínú òróró, á bá ìyá rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí lọ sílé.

Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù kò le láti sọ. Onígi dúró níwájú rẹ̀. Kí ó ju bọ́ọ̀lù kọjá lára igi náà kí onígi má rí i gbá. Onígi tí kò bá rí i gbá, tàbí tí wọ́n hán bọ́ọ̀lù rẹ̀, a ní ó kú; bí mẹ́ta bá ti kú, abala kan parí. Onígi tó bá gbá a á sá láti ibùdó dé ibùdó, tó bá yí gbogbo wọn ká wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ẹyọ kan. Abala mẹ́sàn-án ni eré. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dá jù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí onígi kankan má gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó sì fi sá dé ibùdó, nǹkan tí ènìyàn ń rí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tí á máa ròyìn rẹ̀ fún ọmọ títí tí yóò fi kú.

Bí irú nǹkan yẹn bá sì ti ń bọ̀, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Wọn kì í bá ajubọ́ọ̀lù náà sọ̀rọ̀. Wọn kì í jókòó tì í, wọn kì í wojú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ru ẹyin kọjá odò: ẹni tó bá kí i, òun ló bá a fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. A bá a nílé ni.

Ọjọ́ Àìkú kan ni. Ajubọ́ọ̀lù àgbà ẹgbẹ́ Akàn jẹ ẹja tí kò jinná, inú ń lọ́ ọ. Doro ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún àti ẹyin lọ́wọ́ nígbà tí Kóòṣì Abelardo, ọ̀gá ẹgbẹ́ Akàn, wọlé, òógùn bò ó.

“Doro, ìwọ lo máa bẹ̀rẹ̀ lónìí.”

Doro rẹ́rìn-ín. “Kóòṣì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìyá mi.”

“Ẹni tó yẹ kó jù wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì jọ ẹni tó fẹ́ jáde. Bá mi ju abala mẹ́ta péré.”

Ninfa ń sá aṣọ lọ́wọ́. “Kóòṣì, apá ń dùn ún láti ọjọ́ Ẹtì.”

“Màmá Ninfa, apá ajubọ́ọ̀lù wo ni kì í dùn ún? Bó bá ti sọ fún mi pé ó rẹ òun, mo máa yọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo máa tẹ̀lé.”

Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, etí mi ló ṣe.

Ẹgbẹ́ Ẹṣin láti olú-ìlú ni wọ́n bá gbá. Àwọn ènìyàn wọn kún ọkọ̀ wá, ariwo wọn sì pọ̀. Bí Doro ṣe jáde, ọ̀kan nínú wọn figbe ta: “Ẹ̀yin Akàn! Ṣé ẹni tó ń kó abọ́ lẹ ránṣẹ́ sí wa?”

Ọkùnrin tiwa kan dá a lóhùn: “Ẹ̀yin náà ẹ wá jẹun tán ná! Ó ń dúró de abọ́ yín!”

Abala kìíní kọjá, onígi mẹ́ta kú. Ìkejì kọjá, ìkẹta kọjá. Nígbà tó di ìkẹrin, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn tiwa kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ìkarùn-ún, ọ̀gbẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò, ẹ mọ̀ ọ́n,” ó sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti sún kúrò lórí àga, wọ́n fi odidi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún Doro nìkan.

Abala kẹfà ni nǹkan já nínú apá rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ọ, bí ìgbà tí okùn aṣọ bá já lábẹ́ aṣọ tútù. Ó pa onígi tó kù náà, kí n má purọ́. Ó rìn lọ sí ibi àga, ó jókòó sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

“Kóòṣì,” ó ní.

Kóòṣì Abelardo gbójú sókè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Oòrùn ń ràn ganrín.

“Lilo.”

Lilo ni ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tí Doro bá jù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń lé ẹyẹ mi. Lilo ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ó sì sáré lọ. Kò tíì pẹ́ tó ti ibẹ̀ dé. Àwọn tó kù ń wo bàtà ara wọn. Ọ̀kan fi fìlà bojú, ó ń ṣe bí ẹni sùn.

Ṣé kò lè pariwo ni? Mo bi í bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní, “Màmá Chepa, tí mo bá ti sọ ọ́, èmi ni mo fọ́ ọ. Mo sì fẹ́ ẹ. Ohun tí mo ń retí ni kí ẹnì kan ṣáà bi mí.”

Ìdí ìkòkò òróró ni mo wà, lẹ́yìn wáyà, Ninfa sì jókòó tì mí. Lójijì ó di aṣọ mi mú.

“Chepa, wo bó ṣe gbé apá yẹn. Bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Moncho tó ń ṣọ́ géètì.

“Moncho, ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.”

“Ta ni? Doro? Lónìí yìí?” Moncho fi ẹ̀yìn ti géètì. “Màmá Ninfa, ẹ fojú àánú wò mí. Wọ́n á sun ilé mi.”

“Apá rẹ̀ ti já.”

“Ẹ gbé e mì! Ẹ má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, dáadáa tàbí burúkú!”

Àwọn obìnrin tó wà lórí àkàbà ìjókòó òǹwòran ti yí i ká. Wọn ò fi agbára mú un o. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀kan ní, “Ìyá Doro, ìyá wo ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba ti ọmọ rẹ̀ jẹ́?”

“Ẹ bá mi sọ fún Kóòṣì nígbà náà. Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́.”

“Kóòṣì mọ̀, Màmá. Gbogbo wa la mọ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ la ṣe dákẹ́.”

Ninfa padà wá jókòó. Ó fi etí aṣọ bọ ẹnu ara rẹ̀. Òróró mi ń jóná, n kò sì mọ̀.

Ó ju ìkeje. Ó ju ìkẹjọ. Tiwa náà kò rí ẹyọ kan jẹ, òfo sí òfo ni. Nígbà tó di abala kẹsàn-án, bọ́ọ̀lù Doro kò mọ ọ̀nà mọ́. Ó jù ú lọ sí òkè, ó jù ú lọ sí ilẹ̀, títí tí rẹfirí fi fún onígi kan ní ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì, ẹni àkọ́kọ́ bá sún lọ sí ibùdó kejì. Ẹnì kẹta fi igi kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà yí gbirigbiri wá bá Doro lẹ́sẹ̀. Ọmọ kékeré lè pa onígi yẹn: kí ó ṣáà mú bọ́ọ̀lù náà, kí ó jù ú sí ẹni tó dúró ní ibùdó kìíní. Doro mú un. Ó ju apá. Bọ́ọ̀lù náà já sínú koríko ní ìdajì ọ̀nà bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókò, ó sì yí lọ sídìí wáyà. Ẹni tó wà ní ibùdó kejì sáré wọlé.

Ẹgbẹ́ Ẹṣin ní ẹyọ kan. Gbogbo pápá dákẹ́. Àwọn tó ń ka eré kà á sí àṣìṣe Doro, wọn ò kà á sí gbígbá. Wọn ò tíì gbá a. Nítorí náà Kóòṣì kò yọ ọ́.

Báwo ló ṣe pa àwọn mẹ́ta tó kù? Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti lọ́ra débi pé igi wọn ń kọjá kó tó dé. Wọ́n ń ju igi, wọ́n ń bínú, wọ́n ń gbá a sókè fíofío bọ́ sọ́wọ́ àwọn tiwa. Nígbà tó kan tiwa láti gbá, gbogbo wọn kú. Lilo ló kú kẹ́yìn.

Ìgbà náà ni ẹnu ṣí. Áà! Ó dà bí ìgbà tí omi já ògiri. Ọ̀gbẹ́ni orí rédíò ń pariwo pé ẹgbẹ́ kan kò gbá ohunkóhun, síbẹ̀ òun ló borí. Pé ajubọ́ọ̀lù kan dá jù délẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbá a, síbẹ̀ òun ló pàdánù. Pé òun ò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tóun ti ń sọ̀rọ̀ eré. Gbogbo wọn rọ́ lu Doro. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó na ọwọ́, kí àwọn bọ̀ ọ́. Ọwọ́ náà kò gbéra.

“Doro! Ọmọ mi!” Kóòṣì ń sunkún. “Báwo lara?”

“Kóòṣì, apá ti lọ.”

“Nígbà wo?”

“Abala kẹfà.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

Doro yíjú sí àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun nìkan.

Dókítà ní iṣan tó já náà ti sá wọlé, kò ṣeé so. Kóòṣì Abelardo wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ninfa lọ́jọ́ kejì, kò lè wọlé, kò lè lọ. Kí ni kí obìnrin ṣe? Ó bu kọfí fún un.

Àwọn ènìyàn ṣì máa ń wá láti olú-ìlú, wọ́n gbé ẹ̀rọ dání, ojú wọn á máa dán. Wọ́n á ní ṣé òun ni Doro yẹn, ṣé òun mọ̀ pé irú òun ṣọ̀wọ́n láyé. Á na ọwọ́ òsì sí wọn, àwa nílé kì í bínú sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Wọ́n á bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Á fi èdè òyìnbó tó kù lẹ́nu rẹ̀ dá wọn lóhùn: “Ó dáa.” Inú wọn á dùn, wọ́n á lọ.

Òun ló ń fi omi rin pápá Akàn báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan ń jù, wọn ò sì tíì gbá a, nǹkan ti ń dákẹ́. Doro sọ rọ́bà omi sílẹ̀, ó lọ jókòó tì í lórí àga tó ṣófo, ó ní, “Àbúrò, apá ńkọ́?” Ọ̀dọ́kùnrin náà fò sókè bí ẹni tó jókòó lé èèrùn. Abala tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá a. Ìlú fẹ́ jẹ Doro tútù. Láti ìgbà náà, bí irú rẹ̀ bá ti ń rúgbó bọ̀, Moncho á wá mú un jẹ́jẹ́ ní apá òsì, á mú un jáde ní géètì.

Ìdí àga mi ló máa ń dúró sí, á kọ ẹ̀yìn sí pápá, á tẹ́ etí sí rédíò mi. “Ẹ bi í,” á máa sọ fún rédíò náà. “Ẹnì kan ṣáà bi í.” Rédíò á máa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Ninfa, tí kò ríran dáadáa mọ́, á fa yaniqueque kan ya, á fọwọ́ wá ọwọ́ òsì rẹ̀ kiri, á fi í síbẹ̀.